Gáàsì Ọjọ́ Sọ́ńdè

Obìnrin tí mò ń sọ yìí, bí ẹ bá ní kó jókòó, ẹ ti fìyà jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ti ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Bó bá ń jẹun, ìdúró ni. Bó bá ń gbàdúrà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á máa tẹ ilẹ̀ bíi ti ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Olóògbé ọkọ rẹ̀ a máa sọ pé ọjọ́ tí òun bá lọ́rọ̀ pàtàkì bá a sọ, òun á kọ́kọ́ wọ bàtà, kí òun lè máa tẹ̀ lé e kiri.

Iṣẹ́ tó ń ṣe bá a lára mu. Lẹ́yìn ilé ìdáná ilé-ìwé náà ni wọ́n ri táǹkì ńlá kan mọ́lẹ̀ sí, tí wọ́n fi rọ́bà dúdú tó nípọn bo orí rẹ̀. Gbogbo nǹkan tó ń jẹrà ló ń wọ inú táǹkì yìí: èèpo ọ̀dùnkún, ewébẹ̀ ọjà tó ti rọ, oúnjẹ tí àwọn ọmọ jẹ kù, ìgbẹ́ màlúù láti ọgbà ẹran tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa kẹ̀, tí wọ́n á di gáàsì. Gáàsì á wú rọ́bà sókè, páìpù á gbé e lọ sílé ìdáná, iná búlúù tí kò ní èéfín á sì máa jó lábẹ́ ìkòkò. Ẹsẹ̀-ò-gbélé ló ń fún táǹkì lóúnjẹ. Òun ló ń po ìdọ̀tí mọ́ omi, òun ló ń fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú páìpù láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Ẹnu ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí wà lóde ọgbà, létí títì, kí ọkọ̀ ìdọ̀tí má baà máa wọ àárín àwọn ọmọ, nítorí náà lálọ lábọ̀ ni láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹni mìíràn ìbá ti sunkún. Ní tirẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

Àmọ́ kì í ṣe tìtorí ìrìn nìkan ló ṣe fẹ́ràn táǹkì náà. Ẹni tó ń se oúnjẹ ilé-ìwé náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá Ìdáná. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Ìdáná fi fẹ́ iná igi fún ẹgbẹ̀ta ọmọ, títí àyà rẹ̀ fi bàjẹ́. Kò lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́. Ìjókòó ló fi ń sùn, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, àwọn olùkọ́ tó wà ní kíláàsì á dákẹ́ di ìgbà tó bá ṣe tán. Dókítà ní bó bá tún fa èéfín fún oṣù díẹ̀ sí i, kó má wulẹ̀ padà wá sọ́dọ̀ òun, kó máa wá ẹni tí yóò kan pósí lọ. Dókítà náà ò lẹ́nu dídùn, ṣùgbọ́n kò parọ́.

Lẹ́yìn náà ni gáàsì dé. Kò tó oṣù mẹ́fà tí Ìyá Ìdáná ń fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, tó tún ń kọrin nídìí ìkòkò. Láti ọjọ́ náà ni Ẹsẹ̀-ò-gbélé ti ń tọ́jú táǹkì náà bí ọmọ ìkókó. Ẹ ò lè sọ fún un pé irin àti rọ́bà lásán ni.

Ìtọ́jú yìí ló sì kó o sí wàhálà. Lọ́dún àkọ́kọ́, gáàsì kì í tó lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bó bá di aago mẹ́sàn-án, iná á rẹ̀, á máa ṣẹ́jú, Ìyá Ìdáná á sì tún yọ igi síta. Ẹsẹ̀-ò-gbélé rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó ní ṣebí ebi ló ń pa á. Ta ló ń fi ọmọ sílẹ̀ ní Sátidé àti Sọ́ńdè láìjẹun? Garawa mẹ́jọ ló ń fún táǹkì lójúmọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní mẹ́rìndínlógún ní gbogbo Fúráìdè. Ẹ wá wo Mọ́ńdè! Rọ́bà le bọ̀n-ìn bí ikùn aláboyún, oúnjẹ àwọn ọmọ jinná kí aago mẹ́wàá tó lù. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà pè é síwájú gbogbo ọmọ, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́ náà.

Ìròyìn wá dé pé àwọn tó kọ́ táǹkì fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ sí ilé-ìwé mẹ́rin mìíràn. Wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ìlànà kan tí gbogbo wọn á máa tẹ̀ lé, oúnjẹ méjì Fúráìdè yóò sì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gangan, kì í ṣe ìnagijẹ. Wọ́n á rán oníwọ̀n wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọbìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbé ẹ̀rọ kiri láti wo ibi tí gáàsì ti ń sá jáde.

Sọ́ńdè tó ṣáájú, ọkàn obìnrin náà ò balẹ̀ rárá. Ó fọ aṣọ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó gbálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé àga kan láti igun yìí lọ sí igun yẹn, ó tún gbé e padà. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní kí òun kúkú lọ gbá àyíká táǹkì, kí àlejò má baà bá ewé nílẹ̀. Kò lọ síbẹ̀ ní Sọ́ńdè rí. Kí ni ìbá lọ ṣe? Ilé-ìwé tì, ilé ìdáná tì, ọlọ́dẹ kan ṣoṣo ló wà ní géètì, òun náà sì ń tòògbé.

Kó tó dé ibi táǹkì ló ti ń gbọ́ nǹkan kan, pọ̀pọ̀pọ̀, bí ìgbà tí omi bá ń hó. Ó rò pé ẹnì kan ló gbàgbé ìkòkò lórí iná. Ó yí lọ sẹ́yìn, ó sì rí i.

Páìpù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà, tó ti ẹnu bọ inú garawa omi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí gáàsì bá pọ̀ ju ohun tí rọ́bà lè gbà, kó gba inú omi yẹn sá jáde, kí rọ́bà má baà bẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀, omi náà kì í mira, nítorí ilé ìdáná ti ń gba gbogbo gáàsì. Lọ́jọ́ yìí, omi náà ń hó kò dáwọ́ dúró. Ó ti hó dànù títí ó fi ku ìwọ̀nba nísàlẹ̀. Obìnrin náà dúró tì í. Ó ka ọgọ́rùn-ún, kò dáwọ́ dúró. Ó gbá gbogbo ilẹ̀ tán, ó padà wá, kò tíì dáwọ́ dúró. Ìgbà yẹn ló rántí pé gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè lòun máa ń bu omi kún garawa náà, tí òun ń rò pé oòrùn ló fà á.

 Ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́ ti sọ ọ́ fún wọn láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé gáàsì yìí, ẹ jó o, tàbí kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bá afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jó, ewu rẹ̀ ò pọ̀. Bó bá lọ láìjó, ooru tó ń fi kún ti ayé yìí ju ti èyí tó jó lọ ní ogún ìlọ́po àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ táǹkì náà gan-an, kí ìdọ̀tí má baà máa jẹrà sójú afẹ́fẹ́. Òun wá rèé, tó ń fún un ní àjẹyó kó lè máa tú u dànù.

Kò lọ sílé. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Ìyá Ìdáná ń lọ aṣọ. Àbúrò rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmí. Ẹ̀gbọ́n náà gbé áyọ́ọ̀nù nàró, ó bi í bóyá àlejò lè gbọ́ ariwo omi yẹn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ní rárá, bí wọ́n bá ti ń dáná, kò ní dún. Ẹ̀gbọ́n ní, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Kó fi oúnjẹ Fúráìdè náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́.

Àbúrò ní kò rí bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ Fúráìdè ló mú un burú sí i, àmọ́ táǹkì ò mọ Sátidé, kò mọ Sọ́ńdè. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ò ní yéé di gáàsì torí pé ilé-ìwé tì. Ó nílò rọ́bà kejì tí yóò máa gba àṣẹ́kù, àti ààrò kékeré tí yóò máa jó èyí tí kò bá rí àyè. Àwọn tó kọ́ ọ nìkan ló lè ṣe é, wọn ò sì ní ṣe é láìkọ́kọ́ tì í pa. Bí wọ́n ṣe ṣe ti ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ kan nìyẹn, ó ju oṣù kan lọ kó tó ṣí.

Ọ̀rọ̀ oṣù kan yẹn ni Ìyá Ìdáná gbọ́. Ó fà á yọ látinú gbogbo ìyókù.

"Oṣù kan, igi ni màá fi dáná."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Nítorí afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀, tó ń lọ sókè jẹ́jẹ́ rẹ̀. Ṣé ojú ọ̀run ló ń wúkọ́ ni, àbí èmi?"

 Àbúrò ní ó dàárọ̀ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, ó jáde, ó sì rìn yí àdúgbò náà ká lẹ́ẹ̀mẹta. Inú ń bí i sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, inú ń bí i sí ara rẹ̀, inú tún ń bí i sí ọlọ́dẹ tó ń tòògbé, tí kò mọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, oníwọ̀n dé. Ọmọdébìnrin tó níwà ni, ó wọ bàtà gígùn, ó gbé ẹ̀rọ tó tó bíríkì kọ́ ọrùn, ó ń pe gbogbo èèyàn ní "mà" àti "sà". Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí gbogbo oríkèé páìpù, ó gbé e yí rọ́bà ká, ó kúnlẹ̀ ti garawa omi. Ẹ̀rọ ò fọhùn. Ó ní òun ò tíì rí èyí tó mọ́ tó báyìí láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín dé etí. Ìyá Ìdáná dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ṣíbí ńlá lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ò kúrò lára àbúrò rẹ̀.

Oníwọ̀n ní kí mà jọ̀ọ́ ṣàlàyé oúnjẹ Fúráìdè yẹn fún òun. Ó ṣàlàyé rẹ̀. Garawa mélòó? Mẹ́rìndínlógún. Omi ńkọ́? Bákan náà. Bíró ń sá lórí ìwé. Ọmọ náà wá gbójú sókè, ó ní láti oṣù tó ń bọ̀, gbogbo ilé-ìwé mẹ́rin yẹn á máa ṣe é bí mà ṣe ń ṣe é.

Ilé-ìwé mẹ́rin. Garawa omi mẹ́rin tí yóò máa hó láìsí ẹni tó ń gbọ́. Ẹsẹ̀-ò-gbélé rìn yí táǹkì ká lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un rìn. Ọ̀gá àgbà bi í bóyá èèrà wọ bàtà rẹ̀ ni. Ó dúró níwájú oníwọ̀n.

"Ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ padà wá ní Sọ́ńdè."

Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná pa.

Oníwọ̀n padà wá ní Sátidé, ó tún wá ní Sọ́ńdè. Lọ́tẹ̀ yìí, kó tó dé ìdí garawa ni ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń ké. Ó ṣírò rẹ̀ síwájú gbogbo wọn: nínú gáàsì ọ̀sẹ̀ kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Ire tí táǹkì ń ṣe fún ojú ọ̀run ní ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ méjì yẹn ń jẹ ẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀gá àgbà tó ti ń fi táǹkì náà yangàn fún àwọn òbí láti ọdún mẹ́ta kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Ó bi Ẹsẹ̀-ò-gbélé bóyá kò sí ibòmíràn tó lè gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ ní Sọ́ńdè yẹn ni. Wọ́n ti táǹkì pa. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n dá. Ọ̀rọ̀ ìwé ìlànà rọlẹ̀, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ igi dé. Ọ̀gá àgbà ní òun á wá ẹlòmíràn tí yóò dáná fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà. Ìyá Ìdáná ní kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kan ìkòkò òun, àfi tí òun bá ti kú, ó sì ní kí wọ́n bá òun sọ fún àbúrò òun pé ìyẹn náà ò ní pẹ́ mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó rán sí i láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, láti Sọ́ńdè tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, kò ju ìyẹn lọ.  Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu àbúrò náà, bó ti wù kó dúró pẹ́ tó nídìí abọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n á kọ́kọ́ fi igi dáná, ó ti dé ilé ìdáná kó tó di aago mẹ́fà. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn láti inú, ó fi irin dábùú ẹ̀yìn rẹ̀. Ó to igi, ó dá iná sí i. Igi náà ò tíì gbẹ tán. Èéfín kún ibẹ̀ dẹ́nu. Ojú ń ta á, ọ̀fun ń yún un, ó sì jókòó ti iná náà, ó ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí Ìyá Ìdáná dé, tó ti ilẹ̀kùn tì, tó fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn náà títí, kò dìde.

"Ṣí ilẹ̀kùn fún mi."

"N ò ní ṣí i, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ lọ síbi fèrèsé. Ohun tẹ́ ẹ bá ní kí n ṣe, màá ṣe é."

Ìyá Ìdáná bú u. Ó bú u dáadáa, ó bú u láti ìgbà èwe wọn, ó bú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó yí lọ síbi fèrèsé tó wà lápá ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ èéfín lọ kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Fi ẹ̀wà síwájú. Má tíì fi iyọ̀. Igi yẹn ti pọ̀ jù, fa méjì yọ. Àwọn ọmọ jẹun lọ́jọ́ náà ní aago méjìlá kọjá, ìdí ẹ̀wà jóná díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kú.

Báyìí ni wọ́n ṣe é lọ́jọ́ kejì, báyìí ni wọ́n ṣe é lọ́jọ́ kẹta, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Ọ̀rọ̀ ìkòkò nìkan ni ẹ̀gbọ́n ń bá a sọ. Ní ọjọ́ kẹrin, àbúrò wúkọ́, ó wúkọ́ gan-an, ó fi ọwọ́ di ògiri mú. Nígbà tó gbé ojú sókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó láti ojú fèrèsé pẹ̀lú ojú tí kò rí rí láti Sọ́ńdè ọjọ́sí. Ó bi í pé kí ni oníwọ̀n yẹn fẹ́ kọ sínú ìwé àbọ̀ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ránṣẹ́.

Àbúrò ní oníwọ̀n bi òun pé ó ti tó ìgbà wo. Òun sì kà á fún un: Sátidé àti Sọ́ńdè, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ilé-ìwé fi wọlé fún ọdún mẹ́ta. Ó lé ní ọgọ́fà ọ̀sẹ̀. Ọ̀la ni oníwọ̀n máa fọwọ́ sí i.

Ìyá Ìdáná tẹ̀ síwájú síbi fèrèsé.

"Ti ọlidé ńkọ́?"

"Ọlidé báwo?"

"Ṣebí o máa ń gbé ìdọ̀tí lọ lọ́lidé? Ṣebí èmi ni mò ń bẹ̀ ọ́ pé kó o jókòó sílé, tó o ní táǹkì ò gbọ́dọ̀ kú? Ta ló ń dáná lọ́lidé?"

Igi kan ṣẹ́ nínú iná. Ẹsẹ̀-ò-gbélé kò mira. Ẹnu ibi ìdọ̀tí wà lóde ọgbà, ní títì. Ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń padà lọ, kò wọ inú ọgbà rí títí ilé-ìwé á fi wọlé. Bí wọ́n bá sì wọlé, garawa á ti gbẹ táútáú, rọ́bà á sùn pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀. Lọ́dọọdún ló ń rí rọ́bà náà tó sùn bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún ni àánú rẹ̀ ń ṣe é, tó ń sọ pé ebi ti pa á, tó ń fi kún oúnjẹ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ́dún, tọ̀sán tòru, láìsí omi tó di ẹnu páìpù náà. Kò rántí sọ ìyẹn fún oníwọ̀n. Kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

"Yéè, mo gbé," ló wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ̀wà yẹn á jinná láago mẹ́wàá," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. "Bó o bá ti bu ú tán, lọ bá ọmọ yẹn kó tó fọwọ́ sí ìwé."

"Wọ́n lè fi kún ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ó lè di mẹ́wàá."

Ìyá Ìdáná gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé, ó yí ojú kúrò fún èéfín tó ń jáde bọ̀.

"Mo mọ̀," ló wí. "Bomi sí i, ó ti ń gbẹ."